Àmì Ṣọ́ọ̀kì Lára Táyà

Tabea Dueck kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì tútù, ó gbé etí aṣọ ìbora ọkọ̀ bàbá àgbà rẹ̀ sókè, ó sì tan iná fóònù rẹ̀ sí táyà ẹ̀yìn. Ìlà tí òun fúnra rẹ̀ fi ṣọ́ọ̀kì funfun fà sí ara táyà náà kò sí nísàlẹ̀ mọ́. Ó ti yí gòkè. Ìlà kejì tó fà sórí sìmẹ́ńtì, tó yẹ kó kan ti ara táyà, ló dá wà níbẹ̀.

"Mo mọ̀," ló sọ jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun nìkan ló wà nínú ilé páànù ńlá náà. "Mo mọ̀ pé Rylan máa fọwọ́ kàn án."

Ó fimú fa afẹ́fẹ́. Òórùn káńfọ̀ tí wọ́n fi ń lé eku wà níbẹ̀ bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n òórùn sìgá tún wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ọkọ̀ yìí kì í ṣe ọkọ̀ tí ọmọ aráyé kàn ń wà kiri. Ọkọ̀ asáré pupa ni, oníjòkòó méjì, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fi àyà gbálẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà tí Bàbá àgbà Abram pé àádọ́rin ọdún ló rà á, gbogbo ìjọ tó wà ní Lichtfelde, abúlé wọn ní Kánádà, sì lanu sílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ jàre, pé nígbà tó wà lọ́mọdé kò rí kẹ̀kẹ́ gùn. Láti oṣù karùn-ún títí dé oṣù kẹsàn-án ni bàbá máa ń wà á. Tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í da iyọ̀ sójú títì nítorí yìnyín, ó parí nìyẹn. Iyọ̀ yẹn a máa jẹ irin. Bàbá á fọ ọkọ̀ náà mọ́ tónítóní, á rọ epo kún un dẹ́nu, á ki kànìnkànìn onírin bọ ẹnu sàlẹ́ńsà kí eku má baà bímọ síbẹ̀, á so bátìrì mọ́ ṣájà, á sì fi aṣọ bò ó. Lẹ́yìn náà ni òun àti ìyá àgbà á bá àwọn arúgbó yòókù sá fún òtútù lọ sí Arizona, níbi tó móoru ní Amẹ́ríkà.

Lọ́dún yìí, Tabea ló fi kọ́kọ́rọ́ lé lọ́wọ́. "Ìwọ ni mo fi ṣọ́ ọ," ni bàbá wí. "Máa yẹ iná ṣájà wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí mo bá dé lóṣù kẹrin tí mo bá a bí mo ṣe fi í sílẹ̀, ìwọ lo máa wà á jáde." Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ ni Tabea. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn débi pé kò lè sùn.

Ṣùgbọ́n Rylan wà nínú ilé.

Ọmọ Darryl ni Rylan. Darryl ni ọkùnrin tí ìyá Tabea ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́, mẹkáníìkì tó ń tún ọkọ̀ akẹ́rù ṣe. Ní ìlú ńlá Winnipeg tí Rylan ti wá, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan gbé ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ lọ fàájì, ọlọ́pàá sì mú wọn. Adájọ́ ṣàánú rẹ̀. Wọ́n ní kó lọ máa gbé lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ lábúlé, ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kankan bá tún kàn án, ilé tí ìjọba ń kó àwọn ọmọkùnrin oníwàhálà sí ni yóò lọ tààrà. Gbogbo ilé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Tabea gan-an mọ̀ ọ́n ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ̀sẹ̀ tí bàbá àgbà lọ náà ló mú ṣọ́ọ̀kì, tó lọ fa ìlà méjèèjì. Ìfura loògùn àgbà, bẹ́ẹ̀ ló wí nínú ara rẹ̀.

Nínú bọ́ọ̀sì ilé ìwé lọ́jọ́ kejì, ó rọra sọ ohun tó rí fún Shaylee, ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Ṣé o ṣì ń rò ó ni?" ni Shaylee wí. "Ẹni tó jalè lẹ́ẹ̀kan, bó dàrán borí, aṣọ olè ló dà bora."

"Ó ní òun ò mu sìgá mọ́."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Eku ló wá ń mu sìgá nínú ilé páànù yín nìyẹn. Tabea, tí bàbá àgbà yín bá dé tó bá a pé ọkọ̀ ti bàjẹ́, ta ló máa bi? Ṣé Rylan ni, àbí ìwọ tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ?"

Ìbéèrè yẹn ló wọ̀ ọ́ lára. Kò gbọ́ ohun tí olùkọ́ kankan sọ lọ́jọ́ náà. Ó ń wo Rylan lọ́ọ̀ọ́kán nínú yàrá oúnjẹ ilé ìwé, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀, ó ń wo àpò rẹ̀. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, Tabea ní ẹ̀rín ọ̀daràn ni. Ọmọ náà dákẹ́, ó ní ẹni tó mọ ohun tó ṣe ló ń dákẹ́ bẹ́ẹ̀. Tí ojú bá ti fẹ́ rí ibi lára ènìyàn, kò sí ohun tí onítọ̀hún lè ṣe tó máa dára.

Nígbà oúnjẹ alẹ́, bí ìyá rẹ̀ ṣe gbé sọ́séèjì àti ànàmọ́ kalẹ̀, Tabea tú ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó sọ ti ìlà ṣọ́ọ̀kì, ó sọ ti sìgá. Darryl gbé fọ́ọ̀kì rẹ̀ sílẹ̀.

"Rylan?" ló pè é.

"Dádì, mi ò débẹ̀." Ojú Rylan ti pọ́n. "Ẹ lọ wo yìnyín tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ńlá. Ó ga dé àyà mi. Ibo ni mo gbé ọkọ̀ gbà?"

"Kò sẹ́ni tó ní o gbé e jáde," ni Tabea dá a lóhùn. "O kàn wọlé gba ilẹ̀kùn kékeré. Orí ìṣó níbí ni mo ṣáà ń fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kọ́ sí."

Ìyá rẹ̀, Marlene, yíjú sí i. "Tabea, wò mí. Ṣé ojú ẹ ló rí i, àbí o kàn rò ó?"

Tabea mọ ìdáhùn òtítọ́. Ó wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rántí oṣù kẹrin, ó rántí ojú bàbá àgbà, ó sì dá a lójú bí nǹkan ṣe lè dá ènìyàn lójú tó pé Rylan ló ṣe é. Tó bá dá a lójú bẹ́ẹ̀, kí ló burú nínú kó fi díẹ̀ kún un?

"Mo rí i," ló wí. "Inú ọkọ̀ ló jókòó sí. Ó di sítíárìn mú."

Rylan wò ó. Kò pariwo, kò gbá tábìlì. "O ò rí mi," ló wí, ó sì dìde kúrò nídìí oúnjẹ.

Darryl fúnra rẹ̀ ló pe ọ̀gá tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀. Ó ní òun ò lè máa purọ́ fún ìjọba. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ọkọ̀ kan ti dé láti Winnipeg. Rylan kó aṣọ rẹ̀ sínú báàgì kan ṣoṣo, ó dì mọ́ bàbá rẹ̀, kò sì wo ojú fèrèsé tí Tabea dúró sí. Ẹgbẹ́ họ́kì ilé ìwé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mú un pé kó máa bá wọn gbá ti fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, Darryl kì í sọ ju "ẹ káàárọ̀" àti "ó dàárọ̀" lọ nínú ilé.

Tabea ní ọkàn òun á balẹ̀ báyìí. Ó lọ pa ìlà àtijọ́ rẹ́, ó fa tuntun, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì yọ kọ́kọ́rọ́ kúrò lórí ìṣó sínú àpò ara rẹ̀. Nígbà tó padà lọ yẹ iná ṣájà wò nínú oṣù kìíní, ó kúnlẹ̀ láìronú nǹkan kan, ó gbé aṣọ sókè.

Ìlà náà ti yí.

Rylan wà ní Winnipeg. Kọ́kọ́rọ́ wà lápò òun. Òórùn sìgá tún ń ta sí i nímú. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ó ń wá irọ́ kan tí òun lè pa fún ara òun, kò rí.

Láti ìgbà náà, ó di ẹ̀ṣọ́. Bó bá ti ti ilé ìwé dé, ojú fèrèsé ló máa ń wà. Ní ọ̀sán Sátidé kan, ó rí ènìyàn kan tó gba àárín àwọn igi wá láti oko ẹ̀gbẹ́ ilé, tó wọ bàtà yìnyín, tó ń wo ẹ̀yìn bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ó bọ́ sẹ́yìn ilé páànù. Tabea kò wọ ìbọ̀wọ́ tó fi sáré jáde. Ó já ilẹ̀kùn kékeré ṣí.

Bàbá Jake Toews ló bá níbẹ̀, ọ̀rẹ́ bàbá àgbà rẹ̀ láti kékeré, ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ Bíbélì lọ́jọ́ Ìsinmi. Ó fi èjìká ti ẹ̀yìn ọkọ̀ pupa náà, ó ń tì í díẹ̀díẹ̀. Sìgá wà lẹ́nu rẹ̀.

"Hàà!" ni bàbá wí. Sìgá já bọ́ sílẹ̀, ó sì fi bàtà tẹ̀ ẹ́. "Tabea! O dẹ́rù bà mí."

"Bàbá Toews, kí lẹ ń ṣe?"

"Bàbá àgbà ẹ ló bẹ̀ mí. Tí ọkọ̀ bá dúró sójú kan nínú òtútù, táyà á tẹ́ pẹrẹsẹ níbi tó ti kanlẹ̀. Mo kàn ń tì í síwájú díẹ̀ lóṣooṣù ni. Ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́ kan. Ó ní kí n má sọ fún ẹ, kó má baà dùn ẹ́ pé agbára ẹ ò gbé e."

"Sìgá ńkọ́?"

Bàbá arúgbó náà fọwọ́ nu ojú. "Ìyá Tina, ìyàwó mi, rò pé mo ti jáwọ́. Ibí nìkan ló kù tí imú ẹ̀ ò dé."

"Ẹ gbọ́ pé wọ́n mú Rylan lọ. Gbogbo ìjọ ló gbọ́. Ẹ ò sọ nǹkan kan?"

"Wọ́n ní o rí i," ni bàbá wí jẹ́jẹ́. "Wọ́n ní o fi ojú ara ẹ rí i nínú ọkọ̀. Mo rò pé òun náà wá síbí lọ́jọ́ mìíràn ni."

Bàbá Toews kì í ṣe òmùgọ̀, ohun tó wà lójú Tabea ti yé e. Ó sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ṣé o rí i, ọmọ mi, ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá. Ọmọ yẹn ti lọ. Tí ìwọ ò bá sọ tèmi, èmi náà ò ní sọ tìẹ."

Ìdẹwò náà dùn. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láéláé. Ọkọ̀ wà bó ṣe wà, táyà dára, oṣù kẹrin ń bọ̀. Ṣùgbọ́n Tabea rí àgbàlagbà yìí, pẹ̀lú irùngbọ̀n funfun, tó ń bẹ̀bẹ̀ nítorí sìgá kan, ó sì rí ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Ìtìjú bò ó. "Rárá, bàbá," ló wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká jọ lọ bá wọn nílé."

Ìyá rẹ̀ sunkún. Darryl kò sunkún. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó bọ́ síta láìwọ kóòtù, ó dúró nínú yìnyín títí Marlene fi lọ fà á wọlé. Wọ́n pe bàbá àgbà lórí fóònù, wọ́n sì rò ó fún un. "Èmi náà jẹ̀bi," ló wí. "Mo fi ọ́ ṣọ́ ọkọ̀ níwájú, mo tún fi ẹlòmíràn sí i lẹ́yìn láìsọ fún ẹ. Ṣùgbọ́n irọ́ yẹn, Tabea, ìwọ lo pa á." Tabea ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ ta ló máa wa ọkọ̀ jáde, kò sẹ́ni tó dá a sílẹ̀ nínú wọn.

Mímú ọmọ lọ yá, dídá a padà ni kò yá. Ìwé lọ, ìwé bọ̀. Oṣù kẹta ti ń parí lọ kí wọ́n tó yọ̀ǹda Rylan. Ìdíje họ́kì ti tán. Tabea bá Darryl lọ mú un, ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé tí ìjọba fi í sí. Kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi àfi ara rẹ̀.

"Mo gbọ́," ni Rylan dá a lóhùn. Ó wọ inú ọkọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Marlene se oúnjẹ tí ọmọ náà fẹ́ràn jù, gbogbo wọn sì ń gbìyànjú láti máa rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn oúnjẹ, Marlene fẹ́ sáré lọ ra mílíìkì. Ó wo orí tábìlì, ó wo inú báàgì rẹ̀.

"Ta ló bá mi rí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ mi?" ló bèèrè bí ìyá èyíkéyìí ṣe ń bèèrè.

Kò wo ẹnikẹ́ni. Kò sẹ́ni tó wo Rylan. Ṣùgbọ́n Rylan ti dìde. Ó fa àpò sòkòtò rẹ̀ méjèèjì jáde, ó sì dúró síbẹ̀ láàárín ilé ìdáná, kí gbogbo wọn lè rí i pé òfìfo ni.

Kọ́kọ́rọ́ náà wà nínú àpò kóòtù Marlene. Tabea sá lọ sí yàrá rẹ̀, ó sì sunkún bí kò ṣe sunkún rí, nítorí ó mọ ẹni tó kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ohun tó ṣe yẹn.

Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹni bá fura kò jẹ̀bi. Ìfura loògùn àgbà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú yín kò bá rí, ẹ má fi ẹnu yín sọ pé ẹ rí i, ì báà dá yín lójú bí ọ̀sán gangan. Ẹyin lohùn. Tó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́, ẹni tó sì máa tẹ èèpo rẹ̀ mọ́lẹ̀ lè má jẹ́ ẹni tó jù ú.