Jákẹ́ẹ̀tì Ọlọ́rùn Méjì

Aṣọ ọrùn ọkùnrin kan tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò mọ̀ rí ló pa wọ́n pọ̀.

Òwúrọ̀ ìgbà òtútù ni. Ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Pẹ́ńsùlù, nítorí pé pẹ́ńsùlù kì í kúrò nínú irun rẹ̀, dúró lẹ́bàá pápá ìṣeré, ó ń ya jákẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́rùn sárésáré kan. Bó ṣe gbójú sókè, ó rí ọ̀dọ́mọkùnrin agùntáṣọọ́lò kan tí òun náà tẹ̀ mọ́ ìwé, tó ń ya sárésáré yìí kan náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yà á tán o," ọkùnrin náà sọ. "Ẹ fi apá òsì sílẹ̀ fún èmi náà."

Ẹ̀rín ti bọ́ lẹ́nu Pẹ́ńsùlù kó tó rántí pé òun kò mọ̀ ọ́n rí.

Àṣé iṣẹ́ kan náà ló gbé wọn débẹ̀. Ilé iṣẹ́ aránṣọ kan ló gba àwọn méjèèjì láti fi dán wọn wò. Ọ̀gá ibẹ̀, obìnrin tí gbogbo èèyàn ń pè ní Alùmọ́gàjí nítorí bó ṣe máa ń gé ọ̀rọ̀ mọ́ èèyàn lẹ́nu, ń wá jákẹ́ẹ̀tì ọkùnrin tuntun fún ìgbà òtútù tó ń bọ̀: èyí tó fara jọ aṣọ eré ìdárayá, tí èèyàn sì lè wọ̀ lọ sí ọ́fíìsì láìtijú. Kí wọ́n lọ wo ohun tí àwọn ọkùnrin ń wọ̀, kí wọ́n wá ya tiwọn. Ẹni tí tirẹ̀ bá wọ̀ ọ́ lójú ni yóò gbà síṣẹ́. Ẹnì kejì á palẹ̀ mọ́.

Kò yẹ kí wọ́n jọ máa rìn, ṣùgbọ́n wọ́n jọ rìn. Wọ́n jọ dúró sí ibùdókọ̀, wọ́n jọ ń yọjú sí fèrèsé àwọn ìsọ̀ aláṣọ. Wọ́n rí i pé àwọ̀ ewé gbígbẹ àti ti eérú ló gbòde, pé àwọn ọkùnrin fẹ́ràn síìpù ju bọ́tìnnì lọ, àti pé rọ́bà tó ń fún ọrùn ọwọ́ ti kúrò lára aṣọ eré nìkan, ó ti dé ara aṣọ àwọn òṣìṣẹ́ báńkì. Níbi tí wọ́n ti ń wo aṣọ ẹlòmíì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn.

Ìyá Agùntáṣọọ́lò, bí Pẹ́ńsùlù ṣe wá ń pe ọkùnrin náà, kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ náà rárá.

"Ajá méjì kì í du egungun kan kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín síra wọn," ó sọ fún ọmọ rẹ̀ lójú ọmọbìnrin náà. "Tó bá dójú ẹ̀, ẹnì kan á gé ẹnì kejì jẹ."

Ọ̀rọ̀ náà dun Pẹ́ńsùlù wọ eegun.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òjò ká wọn mọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìsọ̀ kan.

"Ayé mi, wo nǹkan kan," Agùntáṣọọ́lò sọ, ó fa ọrùn aṣọ ara rẹ̀ sókè. "Tí jákẹ́ẹ̀tì bá ní ọrùn méjì ńkọ́? Téèyàn bá fa síìpù dé òkè, ó di ti sárésáré. Tó bá fà á wálẹ̀, ọrùn ti òde á ṣẹ́ sẹ́yìn, á tẹ́ pẹrẹsẹ bíi ti kóòtù."

"Ó dáa gan-an," ni Pẹ́ńsùlù sọ. Ṣùgbọ́n ìlara gún un láyà bí abẹ́rẹ́. Nígbà tó délé, ó yà á. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun kàn fẹ́ mọ bó ṣe máa rí ni.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kó iṣẹ́ wọn wá, òun ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Alùmọ́gàjí wo ohun tó yà fìrí.

"Èyí ti pọ̀ lọ́jà. Òmíràn dà?"

Iṣẹ́ ń bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ lójú ara rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ wọ inú àpò, ó mú ìwé kejì jáde.

Ọ̀gá náà pẹ́ lórí rẹ̀. "Ta ló ro èyí?"

"Èmi ni, mà."

Kò lè wo ẹ̀gbẹ́ kan. Ó kàn ń gbọ́ bí Agùntáṣọọ́lò tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣe ń ká ìwé ọwọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó kàn án, nǹkan mìíràn ló gbé kalẹ̀, ohun tí kò níyọ̀ rárá. Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n gba Pẹ́ńsùlù síṣẹ́.

"O kú oríire," ni ọkùnrin náà sọ lẹ́yìn òde.

Kò bá a jà. Ó ṣì ń wá a, ó ṣì ń sìn ín dé ibùdókọ̀, ṣùgbọ́n kò pè é ní ayé mi mọ́. Pẹ́ńsùlù á ní, "Ọ̀rọ̀ kan wà," ọkùnrin náà á sì yíjú sí i, á máa retí. Ẹ̀rù á ba ọmọbìnrin náà, á wá bi í bóyá ó ti jẹun.

Bó ṣe rí nìyẹn títí tí ìyá náà fi ránṣẹ́ pe àwọn méjèèjì. Ó mú Pẹ́ńsùlù jókòó ti ara rẹ̀ lórí àga.

"Ọmọ mi, mo ṣì ẹ́ mú. Ọkọ ẹ ní tìẹ ló dáa jù, pé o ò rẹ́ òun jẹ. Má bínú sí mi. Mo fẹ́ kó o jẹ́ ìyàwó wa."

Pẹ́ńsùlù kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ má bẹ̀ mí. Òun ló ro ọrùn méjì yẹn. Mo jí i ni."

Ìyá náà yíjú sí ọmọ rẹ̀. "O mọ̀?"

"Mo mọ̀, Màmá."

"O wá dákẹ́."

"Mo fẹ́ kó fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́. Ojoojúmọ́ ni mo ń retí ẹ̀. Ó ti ń sú mi."

"Ọ̀kan jalè, ọ̀kan bò ó mọ́lẹ̀," ni ìyá náà wí, "ẹ sì fẹ́ kọ́lé lé e lórí." Ó fa ọmọbìnrin náà dìde. "Èmi kọ́ lo purọ́ fún. Lọ tún un sọ níbi tó o ti pa á."

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, Pẹ́ńsùlù dúró níwájú Alùmọ́gàjí, ó sọ gbogbo rẹ̀. Ọ̀gá náà kò pariwo. "Kó ẹrù ẹ. Kó o sì sọ fún un kó máa bọ̀."

Pẹ́ńsùlù ránṣẹ́ pe Agùntáṣọọ́lò, ó sì dúró lódìkejì títì títí ọkùnrin náà fi wọlé, tó tún jáde.

"Wọ́n gbà mí."

"Ó tọ́ sí ẹ."

"Inú ṣì ń bí mi sí ẹ o."

"Mo mọ̀."

"Ó lè pẹ́ kó tó rọlẹ̀."

"Mo gbọ́."

Agùntáṣọọ́lò sún mọ́ ọn. "Mo rò ó títí, mi ò rí ẹlòmíì tí mo fẹ́ máa bínú sí títí ayé mi. Màmá ní kí n bi ẹ́, ọjọ́ wo la lè wá rí bàbá ẹ?"

Ọkùnrin náà gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi kọ́ èjìká.

"Ọjọ́ Àbámẹ́ta," ni Pẹ́ńsùlù sọ. "Bàbá mi máa ń wà nílé."