Ẹ̀ka Píà Tó Sùn Lórí Bẹ́ẹ̀dì

"Nereida! Ṣé o ti gé ẹ̀ka yẹn, àbí o fẹ́ kí ìjì wá bá ọ gé e ni?"

Ohùn Ìyá àgbà Provi lè jí òkú ìlú mẹ́ta. Nereida di àdá mú lẹ́yìn ilé, ó ń wo òkè igi. Lọ́dún yẹn, igi píà so débi pé ẹyẹ ò ríbi bà sí. Gbogbo ará òkè Jayuya ló sì mọ̀ pé ọdún tí píà bá so ní àsojù, ìjì ńlá ń bọ̀ láti òkun. Ìdí nìyẹn tí ariwo ìyá àgbà ò fi dáwọ́ dúró: pọnmi kún dúrọ́ọ̀mù, fi wáyà de páànù, gé ẹ̀ka tó nà sórí yàrá.

Nereida ti pọnmi. Ó ti de páànù. Ẹ̀ka ló kù. Ṣùgbọ́n Ivelisse ọ̀rẹ́ rẹ̀ fara ti ọgbà, ó ń rẹ́rìn-ín kèékèé.

"Aláǹgbá orí igi! Gùn ún, jẹ́ n ya fọ́tò ẹ! Òkun jìnnà síbí débi pé ẹja á ti gbẹ kó tó dé. Ìjì wo ló máa gun òkè wá bá yín?"

Ojú ti Nereida. Ó ju àdá sínú koríko, ó kígbe sínú ilé: "Mo ti gé e, Ìyá àgbà!" Ó bá Ivelisse lọ gbá bọ́ọ̀lù. Orúnkún ríro ò jẹ́ kí ìyá àgbà lè yí ilé po wò. Ó gba ọmọ rẹ̀ gbọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ìjì gun òkè bí ẹni tó ní oko síbẹ̀. Ìyá àgbà àti Nereida ká jọ sábẹ́ tábìlì. Gbàà! Ẹ̀ka píà fọ́ páànù, ó wọlé láìkan ilẹ̀kùn, òjò sì tẹ̀ lé e bí àlejò tí wọ́n jọ wá. Aṣọ ilé-ìwé, ìwé, fọ́tò bàbá àgbà, gbogbo rẹ̀ rin gbingbin.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Nereida jẹ́wọ́ irọ́ rẹ̀ àti aláǹgbá tí Ivelisse pè é, ni ìyá àgbà bá fìbínú pariwo.

"Ivelisse dà? Ó ń hanrun lábẹ́ òrùlé kọnkéré bàbá ẹ̀! Ẹni tí ilé rẹ̀ kì í jò ló ń sọ pé òjò ò léyín. Ìwọ náà wá gbà á gbọ́, o purọ́ fún mi!"

Ó ju àdá mìíràn síwájú ẹsẹ̀ rẹ̀. "Gé e."

"Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú..."

"Gé e! Orí bẹ́ẹ̀dì mi ló wà. Kò ga mọ́. Kò sẹ́ni tó máa pè ọ́ ní aláǹgbá."

Nereida ṣá ẹ̀ka náà pẹ̀lú omijé, inú ń bí i sí ara rẹ̀ ju bó ṣe bí i sí ẹnikẹ́ni rí lọ. Ojú ọ̀run funfun ń wò ó láti ojú páànù tó ya. Ẹ̀yin ọmọ, ọ̀rẹ́ tí òjò ò ní bá yín pa, ẹ má ṣe jẹ́ kó pàṣẹ lórí òrùlé yín.