Ẹ̀rọ Méjì Péré Ni Kó Wọlé

"Olè ni yín! Òkú kọ̀ǹpútà lẹ tà fún mi!"

Ohùn ìyá Akọ̀wé gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù náà. Àwọn oníbàárà yíjú padà. Bàbá oníkọ̀ǹpútà, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó máa ń fi aṣọ nu gíláàsì ojú rẹ̀ ṣáá, ṣí kọ̀ǹpútà náà, ó so ó mọ́ wáìfáì ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ló wọlé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ wò ó, ìyá, ó ń ṣiṣẹ́."

"Níbí nìkan! Tó bá délé mi, kò ní wọlé mọ́. Ẹ̀kejì tẹ́ ẹ fi pààrọ̀ fún mi rèé. Ọ̀sán òní làwọn agbẹjọ́rò ń retí iṣẹ́ tí mo ń bá wọn tẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì!"

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni ìyá náà ń ṣe nílé. Nígbà tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ àtijọ́ kú pátápátá, ó tẹ gbogbo lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà márùn-ún wò kó tó mú ọ̀kan. Akọ̀wé, ọmọ rẹ̀ tó wà ní kíláàsì àṣekágbá, ló bá a yàn án. Ọmọ yìí kan náà ló dúró lẹ́nu ọ̀nà báyìí, tó ń wo ilẹ̀.

Ó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin fi eré bọ́ọ̀lù orí fóònù jẹ dátà tó fẹ́ fi kàwé ìdánwò tán. Inú bí i burúkú. Ó lọ tún ẹ̀rọ wáìfáì ilé wọn tò, kó lè jẹ́ pé kọ̀ǹpútà àtijọ́ ìyá wọn àti fóònù tòun nìkan ni yóò máa gbà wọlé. Ó tún yí ọ̀rọ̀ aṣínà tí wọ́n fi ń ṣí ètò rẹ̀ padà, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ má baà tú u. Àṣé òun fúnra rẹ̀ máa gbàgbé é! Láti àná ló ti ń gbìyànjú ní kọ̀rọ̀, kò rí i ṣí. Ẹnu rẹ̀ ni kò là.

Bàbá oníkọ̀ǹpútà ti ṣọ́ọ̀bù, ó tẹ̀ lé wọn délé. Ó fi abẹ́rẹ́ tẹ ihò kékeré kan lẹ́yìn ẹ̀rọ wáìfáì, ó sì tún un tò látìbẹ̀rẹ̀. Kọ̀ǹpútà tuntun wọlé wẹ́rẹ́. Fóònù ẹ̀gbọ́n náà wọlé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún léraléra.

"Ìyá, ẹnìkan nínú ilé yìí ló ti àwọn yòókù mọ́ta," ni bàbá náà sọ.

Ìyá yíjú sí ọmọkùnrin rẹ̀. "Ìwọ ni! Ìwọ tó o máa ń tẹ gbogbo nǹkan!"

"Èmi kọ́, màámi!"

Ọwọ́ ìyá ti lọ sókè.

"Èmi ni," Akọ̀wé sọ.

Kó tó parí ọ̀rọ̀, fóònù ìyá dún. Àwọn agbẹjọ́rò ni. Wọ́n ti gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn. Ìyá jókòó, ó yíjú sí Akọ̀wé.

"O gbọ́ tí mo ń pe bàbá yìí lólè," ló sọ, "o sì dákẹ́!"

Ẹ̀bi inú tó bí Akọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ dídákẹ́ yẹn. Dídákẹ́ ló sọ ẹni ẹlẹ́ni di olè, òun ló sì gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Inú ara rẹ̀ ló wá ń bí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá mú un padà sí ṣọ́ọ̀bù náà. Ó dúró títí oníbàárà fi pọ̀, ó sì bẹ bàbá náà lójú gbogbo wọn. Lẹ́yìn náà ló ti Akọ̀wé síwájú.

"Ẹ má bínú, sà," ni Akọ̀wé sọ sókè. "Mo ti mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ pé ẹ kì í ṣe olè. Mo kàn dákẹ́ ni."