Làálì Orí Ìka

“Kifayah, na ọwọ́ rẹ síbí!”

Àǹtí Mùjíbátù, àbúrò bàbá Kifayah, ni ó pàṣẹ yìí bí ó ti ń po làálì dúdú nínú abọ́. Ọ̀sán Alámìísì ni, ní agbo-ilé wọn ní Lálúpọn. Ní ọjọ́ Jímọ̀ ni wọn yóò so yìgì Humairah, ẹ̀gbọ́n Kifayah. Gbogbo ọmọbìnrin ilé ni ó ti lé làálì, àfi Kifayah nìkan.

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi kan orí ìka mi. Ìdánwò àtiwọ yunifásítì mi di Sátidé. Ìka ni ẹ̀rọ yóò fi dá mi mọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Olùkọ́ wa ní ẹ̀rọ náà kò fẹ́ làálì.”

“Ẹ̀rọ kò fẹ́ làálì?” Àǹtí bú sẹ́rìn-ín. “Ṣé ẹ̀rọ ni yóò wá fẹ́ ọ níyàwó ni?”

Ẹ̀rín sọ láàrin àwọn obìnrin tí ó jókòó yí wọn ká. Ọ̀kan nínú wọn gbé ọwọ́ Kifayah sókè. “Ẹ wo bí ẹ̀gẹ́ bíbó ti sọ ọwọ́ ọmọge dà! Ọwọ́ yìí ni yóò fi gbé oúnjẹ fún àwọn àna wa?”

“Ẹ kun àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ nìkan,” ni Humairah bẹ̀bẹ̀.

“Làálì tí kò dé orí ìka? Àbàwọ́n nìyẹn, kì í ṣe làálì!”

Ojú ti Kifayah. Ó mọ ohun tí ó tọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà gún un lára. Ó rò ó pé bóyá ẹ̀rọ kò ní í fura. Ó na ọwọ́ méjèèjì.

“Ojúlówó ni tèmi,” ni Àǹtí fi ń fọ́nnu. “Ọ̀sẹ̀ méjì kò lè ṣí i!”

Ní òwúrọ̀ Sátidé, Àǹtí fúnra rẹ̀ ni ó sìn ín lọ sí ibùdó ìdánwò ní Ìbàdàn. Kifayah gbé àtàǹpàkò lé ẹ̀rọ. Iná pupa tàn.

“Òmíràn,” ni òṣìṣẹ́ ẹnu ọ̀nà wí.

Pupa. Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, pupa ni.

Àǹtí sáré ra ọsàn wẹ́wẹ́. Kifayah fi ra ìka títí tí awọ fi bó, ó tún ń ha orí ìka náà mọ́ ògiri. Nígbà tí ó padà dé iwájú ẹ̀rọ, ẹ̀jẹ̀ ń yọ lórí ìka rẹ̀, síbẹ̀ làálì kò lọ.

Àǹtí kúnlẹ̀ sórí yẹ̀pẹ̀. “Ọ̀gá, ẹ ṣàánú wa! Èmi ni mo kùn ún!”

“Màmá, mo gbà yín gbọ́. Ẹ̀rọ ni kò gbà.” Ó ti ilẹ̀kùn.

Nínú ọkọ̀, Àǹtí ń sunkún. “Èmi ni mo bà á jẹ́.”

Kifayah wo ìka rẹ̀ tí ó ti wú. “Ẹ̀yin ni ẹ kùn ún, Àǹtí. Èmi ni mo na ọwọ́.”

Ẹ̀rín àwọn obìnrin náà kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ; ọdún kan gbáko ni Kifayah fi dúró de ìdánwò mìíràn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ọ̀ṣọ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá jẹ́ kí ẹ̀sín ẹlòmíràn yí òun kúrò lórí ohun tí ó mọ̀ pé ó tọ́, òun nìkan ni yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí ilẹ̀kùn bá tì.