Àárẹ̀ Agbedeméjì

Agbedeméjì fi orí lé tábìlì, ó sùn lọ bí olùkọ́ ìṣirò ṣe ń kọ nǹkan sójú pátákó. Nígbà tí olùkọ́ fọwọ́ kàn án léjìká, ó fò dìde, ó ní òun ti dé, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí eré ìje. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, nítorí pé ẹni tí ó ti rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ kì í lágbára ìbínú mọ́.

Kì í ṣe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ nìyẹn. Àwọn ọmọ ilé ìwé ló fún un, nítorí pé nínú gbogbo eré ọ̀nà jíjìn tí wọ́n ti sá, kò ṣíwájú rí, kò sì kẹ́yìn rí. Ẹni tó máa ń ṣíwájú ni ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀fúùfù. Nígbà tí àwọn yòókù bá ṣì ń mí hẹlẹhẹlẹ, Ẹ̀fúùfù á ti mu omi tán, á ti máa tún irun rẹ̀ dì. Ká sọ òótọ́, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa ń bí èèyàn nínú.

Ní ìparí ọdún náà, wọ́n fẹ́ sá eré àṣàyàn. Àwọn mẹ́rin àkọ́kọ́ ni ilé ẹ̀kọ́ eré ìdárayá máa mú. Ibẹ̀ ni wọ́n á máa gbé, ibẹ̀ ni wọ́n á ti máa jẹun, wọ́n á sì máa kọ́ eré lójoojúmọ́. Ẹni tí wọn kò bá mú á wá nǹkan mìíràn ṣe. Ti Agbedeméjì kò ṣòroó mọ̀: á máa bá ìyá rẹ̀ ṣe iṣẹ́ alágbàfọ̀, á máa lọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì ilé ìtura láti àárọ̀ dalẹ́, nínú yàrá tóóró kan tí ooru áyọ́ọ̀nù ti ń bó ọ̀dà ara ògiri rẹ̀. Ó fẹ́ràn ìyá rẹ̀. Yàrá yẹn ni kò fẹ́.

Kóòṣì wọn ní ìlànà kan. Bí wọ́n bá sá eré líle lónìí, eré pẹ̀lẹ́ ni wọ́n á sá lọ́la, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń sá a. Ẹni tí kò bá lè sọ̀rọ̀ ti sáré jù nìyẹn. Kóòṣì á dojú korobá dé lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, á jókòó lé e, á máa tẹ́tí sí wọn bí wọ́n ṣe ń kọjá. Nípa bẹ́ẹ̀, kò sí òfófó ilé ìwé náà tí kò mọ̀. Ó mọ olùkọ́ tó fẹ́ gbéyàwó kí ọ̀gá ilé ìwé tó gbọ́.

Ṣùgbọ́n kò lè rí ẹ̀yìn kíláàsì láti orí korobá yẹn. Ọ̀nà gègéré kan wà níbẹ̀ tó gòkè lọ sídìí táńkì omi. Bí wọ́n bá ti dé ibẹ̀, Agbedeméjì á yà kúrò láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, á gun òkè náà bí ẹni tí ajá ń lé, á sọ̀ kalẹ̀, á tún gùn ún, á wá sá bá wọn kí wọ́n tó yọ sí géètì. Bí wọ́n bá ti kù díẹ̀ kí wọ́n dé iwájú Kóòṣì, á gbé èémí mì, á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa bàtà ẹnì kan. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò tú u fó, torí pé ẹ̀rín ni ọ̀rọ̀ náà ń pa wọ́n. Lójú tirẹ̀, bí gbogbo wọn bá jọ ń sá eré pẹ̀lẹ́, ìgbà wo ni ẹni àárín máa bá ẹni iwájú? Ẹ̀fúùfù kò kúkú ní dúró dè é.

Kò pẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Kóòṣì pè é sí kọ̀rọ̀. Ó ní ojú rẹ̀ ti wọnú, ó ní eré rẹ̀ ń rẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ eré tí òun ń fún wọn sá kò lè sọ èèyàn dà báyìí.

"Àbí iṣẹ́ ilé ló pọ̀ jù fún ọ?"

Agbedeméjì lè sọ òótọ́ níbẹ̀. Òótọ́ náà ti dé ẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá sọ ọ́, òkè táńkì ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn, eré àṣàyàn sì ti sún mọ́lé. Ó wolẹ̀.

"Iṣẹ́ ilé ni, sà."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Kóòṣì wà nínú yàrá ìlọṣọ. Kò pariwo. Ó fara balẹ̀ ṣàlàyé fún ìyá náà pé ọmọ ti ní iṣẹ́ ilé ló ń rẹ òun, pé ara ọmọdé kì í ṣe irin, pé bí wọ́n bá jẹ́ kí ọmọ yìí sinmi, ó lè dèèyàn lọ́la. Agbedeméjì dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó ń retí kí ìyá rẹ̀ sọ pé aṣọ díẹ̀ ni ọmọ náà ń bá òun lọ kó tó sùn. Ìyá rẹ̀ kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó kàn ní, "Mo ti gbọ́, Kóòṣì. Ẹ ṣeun." Ó wo ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó wọ́n omi sára aṣọ, ó ń bá iṣẹ́ lọ.

Láti ọjọ́ náà, ìyá rẹ̀ nìkan ló ń lọ aṣọ. Bí Agbedeméjì bá ti ilé ìwé dé, á ní kó lọ dùbúlẹ̀. Agbedeméjì á dùbúlẹ̀ títí ìyá rẹ̀ á fi kọ ẹ̀yìn sí i, á wá gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde, á tún lọ sáré yí àdúgbò ká. Ìsinmi tí ìyá rẹ̀ fi ara rẹ̀ rà fún un, eré ló ń fi í sá. Ojú ń tì í. Ìtìjú náà kò sì ní kó má jáde lọ́jọ́ kejì.

Nígbà tí eré àṣàyàn ku ọjọ́ díẹ̀, ó wọlé, ó bá ìyá rẹ̀ nílẹ̀ tó ki apá bọ inú omi. Oorun ló gbé ìyá lọ lórí ìdúró, ó sì fi apá lé áyọ́ọ̀nù. Awọ apá náà ti bó láti ọrùn ọwọ́ títí dé ìsàlẹ̀ ìgúnpá. Nọ́ọ̀sì tó ń gbé ní ìkejì ilé wọn wá dì í. Ìyá ní kò sí nǹkan, oorun lásán ni. Agbedeméjì mú áyọ́ọ̀nù nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó lọ gbogbo aṣọ tó kù. Síbẹ̀ kò jẹ́wọ́.

Ọjọ́ eré pé. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbéra, ó wà lẹ́yìn Ẹ̀fúùfù gẹ́lẹ́, inú rẹ̀ dùn, ó rò pé òkè táńkì ti mérè wá. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ rẹ̀ di ti ẹlòmíràn. Àwọn tí kò kọjá lára rẹ̀ rí ń kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn kan tilẹ̀ ń kí i. Àárín tí wọ́n fi ń sọ ọ́ lórúkọ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó bá àwọn tó kẹ́yìn dé.

Ó jókòó sórí koríko, kò lè tú okùn bàtà rẹ̀. Kóòṣì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bá a tú u, ó sì rọra bi í pé nígbà tí ìyá ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ló tún kù tó ń jẹ ẹ́ lára. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Agbedeméjì sọ gbogbo rẹ̀: òkè táńkì, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, apá ìyá rẹ̀ tó jó.

"Èmi ni mo lọ bá ìyá rẹ wí," ni Kóòṣì wí, "nínú ilé rẹ̀."

Wọ́n jọ lọ sílé. Kóòṣì bẹ ìyá náà. Ìyá ní kò ṣẹ òun, ohun tí wọ́n sọ fún un ló gbà gbọ́. Ó wá kọjú sí ọmọ rẹ̀.

"Mo mọ̀ pé iṣẹ́ tí mò ń fún ọ kò tó ohun tó ń pa èèyàn. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀. Mo wá ń rò ó pé bóyá èmi ni mi ò ríran, bóyá mo ti ń pa ọmọ mi lára, mi ò mọ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Agbedeméjì ju ìbínú lọ. Ó sunkún débi tí ìyá fi ní ó tó, aṣọ ilé ìtura wà nílẹ̀.

Kí Kóòṣì tó lọ, Agbedeméjì bi í bóyá ẹni tó wà láàárín nílé ìwé lè padà di ọ̀gá nínú eré.

"Mo ti rí i," ni Kóòṣì wí. "Mo sì ti rí ọ̀pọ̀ tí kò rí bẹ́ẹ̀ fún. Ara ẹlòmíràn máa ń pẹ́ kó tó gbó. Mi ò lè ṣèlérí kankan fún ọ. Àwọn tí mo rí tó débẹ̀ ṣáá, bó bá rẹ̀ wọ́n, wọ́n ń sọ pé ó rẹ̀ wọ́n."

Agbedeméjì parí ìwé, ó wọnú yàrá tí kò fẹ́. Ó ń lọ aṣọ láàárọ̀, ó ń sáré nírọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ eré pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́ ló ń sá a, àní bí àwọn ọmọdé bá ń kọjá lára rẹ̀ tí wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ má jẹ́ kí n tàn yín, kò dùn. Ọdún mìíràn á lọ, eré rẹ̀ kò ní yí padà. Ìgbà kan wà tó tilẹ̀ gbé bàtà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì pé ó tó gẹ́ẹ́, àfìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tún ń wá ọ̀nà. Ẹ̀fúùfù ní tirẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ eré ìdárayá, orúnkún rẹ̀ kò jẹ́ kó lọ jìnnà, ó kọ́ iṣẹ́ télọ̀, ó sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ara Agbedeméjì ń gbó. Ní ọjọ́ orí tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ròyìn eré tí wọ́n sá nígbà kan, ó sá eré gbogbo orílẹ̀-èdè, ó ṣe ipò kejì, wọ́n sì mú un kó lọ ṣojú wọn lókè òkun.

Ilé ìwé rẹ̀ àtijọ́ pè é kó wá bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀. Ọmọ kan dìde, ó bi í bóyá òkè táńkì tí wọ́n gbọ́ pé ó máa ń gùn ní ìkọ̀kọ̀ ló sọ ọ́ di ọ̀gá. Agbedeméjì dáhùn.

"Rárá o. Òkè yẹn kò fún mi ní nǹkan kan. Gbogbo ohun tí mo rí lẹ́yìn náà, ǹ bá ti rí i láì jẹ́ kí iná jó ìyá mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà láàárín, ẹ má sá kúrò, ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ṣùgbọ́n bó bá rẹ̀ yín, ẹ sọ ohun tó rẹ̀ yín gan-an. Àárẹ̀ tí èèyàn bá fi irọ́ bò, ẹlòmíràn ló máa rù ú, ẹni tó fẹ́ràn yín jù lọ ló sì sábà máa ń jẹ́."