Ọwọ́ Òsì Hobart Lunn

Ẹni tó bá wù ú kó pè é nírọ́, ẹnu rẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ àwọn tó wà nínú ilé sinimá náà lọ́sàn-án Sátidé yẹn ṣì wà láàyè, ní ìlú awakùsà kan ní Pennsylvania, wọ́n sì ń kí ara wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ má kàn bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ yìí ni. Wọn á dìde kúrò níwájú yín.

Verna Hruska ló mú àbúrò rẹ̀ lọ síbẹ̀. Milo lorúkọ ọmọ náà, ọ̀dọ́mọkùnrin ni, kò sì tíì pẹ́ tó dé láti ilé ìwòsàn àwọn tí ọpọlọ wọn ò gún. Àbúrò bàbá wọn ti sọ ọ́ gbangba pé bí wàhálà kan bá tún wáyé láàárín òun àti ará ìlú, ibi tó ti ń bọ̀ ló ń padà sí. Verna ò fẹ́ gbọ́ ìyẹn sétí. Ó fẹ́ káwọn èèyàn rí i pé ara ọmọ náà ti yá, kí wọ́n gbà á padà sáàárín wọn. Kò wá nǹkan mìíràn.

Ẹ̀ṣẹ̀ Milo ò ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Bésíbọ́ọ̀lù, eré tí ẹnì kan ń ju bọ́ọ̀lù tí alátakò ń fi igi gbá a, ni wọ́n fi ń gbàgbé ihò kùsà nílùú yẹn, èèwọ̀ kan sì wà nínú rẹ̀ tọ́mọdé tàgbà mọ̀. Bí ajubọ́ọ̀lù bá ń jù ú, tí ìdíje ń parí lọ, tí ẹnì kankan nínú àwọn alátakò ò tíì rí bọ́ọ̀lù rẹ̀ gbá, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ jáde. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pàápàá kì í bá a sọ̀rọ̀. Wọ́n á fi í sílẹ̀ lóun nìkan lórí bẹ́ǹṣì.

Lọ́jọ́ kan, Hobart Lunn ń jù ú bẹ́ẹ̀. Ọlọ́wọ́ òsì ni. Àwọn tó ń ṣa ajubọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ ńlá jókòó, wọ́n ń wò ó. Ó kù díẹ̀ kó parí. Milo, tó fẹ́ràn Hobart ju ara rẹ̀ lọ, bá fò dìde láàárín èrò.

"Hobart! Wọn ò tíì rí i gbá o!"

Bọ́ọ̀lù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n gbá kọjá ọgbà. Àwọn tó wá ṣa ajubọ́ọ̀lù dìde, wọ́n bá tiwọn lọ. Hobart padà sínú kùsà, kùsà sì wó pa á kí yìnyín ọdún náà tó bọ́. Láti ìgbà náà ni wọn ò ti jẹ́ kí Milo tẹ pápá náà mọ́.

Ìgbà tó wà nílé ìwòsàn làwọn onífíìmù wá yá pápá ọ̀hún. Fíìmù nípa ọ̀dọ́ kan tí ìfẹ́ bésíbọ́ọ̀lù dà lórí rú ni. Ará ìlú ni wọ́n kó jókòó bí òǹwòran. Nígbà tí fíìmù náà dé, Milo bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n tún rí pápá yẹn. Lójú fíìmù náà ni."

Bí wọ́n ṣe wọlé, ilé sinimá ti kún.

"Ẹ wo ẹni tó dé," ọkùnrin kan wí. "Ẹlẹ́nu."

"Ẹyin lohùn," obìnrin kan gbè é. "Ó fọ́ tiwa mọ́lẹ̀ tán, ó tún ń wá gúgúrú jẹ."

"Ẹ káàsán o," ni Verna wí.

Àwọn tó wà lórí ìlà àga tí wọ́n bọ́ sí kó gúgúrú wọn, wọ́n lọ síbòmíràn. Ìyá Hobart nìkan ni kò kúrò. Ẹ̀yìn wọn gan-an ló jókòó sí.

"Ẹ káàsán, mà."

"Jókòó, má dí mi lójú. Kí ìyẹn sì pa ẹnu ẹ̀ dé."

"Kò ní sọ̀rọ̀, mà."

"Èyí tó sọ ti tó."

Wọ́n paná. Fíìmù bẹ̀rẹ̀, orin ń dún, àwọn èèyàn ń rí ara wọn lójú ògiri, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ wo imú Stanley! Ó gba ìdajì pápá!" Milo pàápàá rẹ́rìn-ín. Inú Verna dùn.

Nígbà tó yá, àwòrán náà gbọ̀n. Ó ṣókùnkùn. Ó tún padà.

Ìdíje ló padà sí. Kò sí orin mọ́. Kò sí ariwo èrò.

Òṣèré tó ń ju bọ́ọ̀lù, ọwọ́ ọ̀tún ló ti ń lò látìbẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ òsì ni bọ́ọ̀lù wà báyìí. Fìlà bo ojú rẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò nu etí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, díẹ̀díẹ̀, bí Hobart ti máa ń ṣe. Verna gbọ́ tí Ìyá Hobart mí sínú. Kò gbọ́ kó mí síta.

Lórí pátákó, òdo nìkan ló wà fún àwọn alátakò, títí dé abala tó kẹ́yìn.

Àwọn tó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń yà á mọ̀ pé ibẹ̀ ló yẹ kí ọ̀dọ́ inú fíìmù ti pariwo. Ó la ẹnu. Ó tún pa á dé. Ó yíjú sínú ilé sinimá. Àwọn tó yí i ká náà yíjú. Stanley ojú ògiri ń wo Stanley orí àga.

Ẹ̀rù ba àwọn tó wà nínú ilé sinimá, gbogbo wọn ló bà. Síbẹ̀ wọn ò ké sí ọkùnrin tó ń tan fíìmù, wọn ò sì sá. Èèwọ̀ ni. Wọ́n di gúgúrú sẹ́nu, wọn ò jẹ ẹ́.

Ọlọ́wọ́ òsì jù ú. Igi gbá afẹ́fẹ́. Ó tún jù ú. Igi gbá afẹ́fẹ́. Ó ku ẹyọ kan kí ìdíje parí.

Milo mira lórí àga. Àyà rẹ̀ gbéra sókè. Ó la ẹnu.

Ọkàn Verna fò lọ sí ilé ìwòsàn, sí ìlẹ̀kùn tí wọ́n ń tì níta. Ó fi ọwọ́ bo ọmọ náà lẹ́nu.

"Milo, jọ̀ọ́. Má sọ pé wọn ò tíì rí i gbá."

Jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́. Gbogbo ilé ló gbọ́ ọ.

Igi ró gbàù. Ìró náà ò wá láti ojú ògiri. Àárín wọn níbẹ̀ ló ti dún, ó mi àga lábẹ́ Verna. Ògiri funfun báláú, iná sì tàn.

Ọkùnrin tó ń tan fíìmù yọrí lẹ́nu ọ̀nà, sìgá wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ má bínú o. Fíìmù já. Ó ti ṣe díẹ̀ tí mo ti pa ẹ̀rọ. A ò tíì dé ibi ìdíje, ẹ fara balẹ̀."

Wọn ò wo ibi tó wà. Ìyá Hobart ti dìde. Ó tẹjú mọ́ Verna, kì í ṣe Milo.

"Ẹyọ kan," ó wí. "Ẹyọ kan ṣoṣo ló kù fún ọmọ mi."

"Mà, Milo ló fẹ́ pariwo, mo kàn..."

"Mo fẹ́ wúkọ́ ni," ni Milo wí. Ó yọ èèpo gúgúrú kúrò lórí ahọ́n rẹ̀, ó fi han Verna. "Ó há mi lọ́fun. Mi ò fẹ́ sọ nǹkan kan, Àǹtí."

Milo wò ó títí. Irú ojú táwọn ará ìlú fi wo òun fúnra rẹ̀ nígbà tí wọ́n wọlé ló fi ń wò ó. Lẹ́yìn náà ó gbé gúgúrú rẹ̀, ó dìde, ó gba iwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọjá láìfara kàn án, ó lọ bá àwọn yòókù lọ́hùn-ún.

Ọkùnrin tó pè é ní ẹlẹ́nu sún díẹ̀, ó sì fi ọwọ́ gbá àga tó ṣófo fún un.