Tae-rim Kọ̀, Kò Kúnlẹ̀

Ìwé ìrìnnà Amẹ́ríkà kan wà lápò Ok Tae-rim, òun ló sì gbójú lé. Los Angeles ni wọ́n bí i sí. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, ó wá sí Tongyeong, ìlú bàbá rẹ̀ lórílẹ̀-èdè wa níbí, ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ ló ń gbé, ìyá tó ń sá ẹja wẹẹrẹ létíkun.

Ọtí soju kì í sì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Bó bá ti yó, àwọn ọ̀dọ́kùnrin àdúgbò tí wọ́n fẹ́ lọ ṣe sójà ni yóò máa fi ṣe yẹ̀yẹ́.

“Ẹ̀yin lẹ máa lọ fárí, tí ọ̀gá á máa jágbe mọ́ yín láàárọ̀ kùtù,” á wí. “Èmi? Àlejò ni mí níbí o. Ẹ bá mi kí ìbọn!”

Wọ́n á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò dùn mọ́ wọn. Nílùú wa, dandan ni: ọmọkùnrin tí ara rẹ̀ bá le, yóò lọ ṣe sójà ni.

Tae-rim kò mọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn òun. Lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, tí tẹlifóònù dún fún ìyá àgbà pé ìyàwó ọmọ rẹ̀ ti bí ọkùnrin, ó se ọbẹ̀ ewéko òkun tí ìyá ọlọ́mọ tuntun máa ń jẹ, bí ẹni pé òun gan-an ló bímọ. Ó ní kí ọmọ òun fi àwọn ìwé ránṣẹ́, ó wọ aṣọ tó dára jù, ó lọ kọ orúkọ ọmọ náà sínú ìwé ẹbí ní ọ́fíìsì ìjọba. Òfin fún irú ọmọ onílùú méjì bẹ́ẹ̀ láyè láti yọ ara rẹ̀ kúrò lára ọmọ ilẹ̀ wa, kó má bàa ṣe sójà, kí oṣù kẹta ọdún tí yóò pé méjìdínlógún tó parí. Ọjọ́ náà dé, ó sì kọjá. Bàbá ń tajà, ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù, kò sẹ́ni tó rántí.

Ilé ìyá àgbà ni lẹ́tà tó pè é wá ṣe sójà bá a. Ọwọ́ méjèèjì ni ìyá àgbà fi gbé e fún un, pẹ̀lú ẹ̀rín, torí ó rò pé iyì ni. Tae-rim kà á tán, ojú rẹ̀ ṣú. Ó sáré ra tíkẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n wọ́n dá a padà ní pápákọ̀ òfurufú. Ó ti pẹ́ nílùú ju bí òfin ṣe gbà lọ, ó sì ti ń gbowó iṣẹ́, torí náà ó di dandan kó ṣe sójà.

“Ta ló ní kẹ́ ẹ kọ orúkọ mi?” ó bi ìyá àgbà nígbà tó padà délé.

“Èmi ni, ọmọ mi. Mo ní bó o bá dé lọ́jọ́ kan, kí wọ́n má bàa sọ pé àwọn ò mọ̀ ẹ́ rí.”

“Ẹ ti ba ayé mi jẹ́! Ì bá dáa kẹ́ ẹ gbàgbé mi.”

Àárọ̀ ọjọ́ tó máa lọ dé. Ọmọ tó bá ń lọ ṣe sójà a máa kúnlẹ̀ níwájú àgbà ilé, a forí kanlẹ̀, kí wọ́n tó súre fún un. Ìyá àgbà ti jókòó sórí ẹní, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún, ó ń retí. Tae-rim gba iwájú rẹ̀ kọjá, ó lọ wọ bàtà lẹ́nu ọ̀nà.

Bong-su, aládùúgbò wọn tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe, ló fẹ́ fi mọ́tò gbé e lọ sí bárékè. Onígbàgbọ́ ni.

“Àbúrò, padà wọlé. Màmá jókòó dè ẹ́.”

“Ẹ jẹ́ ká máa lọ, ẹ̀gbọ́n. Wọn ò ní rí orí mi nílẹ̀.”

“Ìṣẹ́jú kan péré ni!”

“Mo ní ẹ jẹ́ ká lọ.”

Wọ́n lọ. Ọtí àná ṣì ń rùn lẹ́nu rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ní bárékè, inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ó sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé, “Bí wọ́n bá ti fún mi láyè lọ sílé, màá kúnlẹ̀ fún wọn.” Ó lè kọ lẹ́tà, kò kọ ọ́. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ọ̀gá pè é sí ọ́fíìsì. Ìyá àgbà ti ṣubú láàárín ẹja tó ń sá, kò sì dìde mọ́.

Wọ́n fún un láyè wá sin òkú. Fọ́tò ìyá àgbà wà láàárín òdòdó funfun. Tae-rim kúnlẹ̀, ó forí kanlẹ̀, ó kọ̀ kò dìde. Bong-su dúró tì í, ó kàn tẹ orí ba, bí àwa ará ìjọ tí kì í forí kanlẹ̀ fún òkú ṣe máa ń ṣe.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ fún mi pé wọ́n rí mi.”

Irọ́ kékeré kan ì bá tù ú nínú. Bong-su kò pa á. “Rárá, àbúrò. Fọ́tò nìyẹn. Màmá ò sí níbẹ̀.”

“Ta wá ni màá bẹ̀?”

“Ọlọ́run tó rí ẹ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Òun lo ṣẹ̀ jù. Jésù ti kú fún ìgbéraga yẹn gan-an kó o tó hù ú.”

“Ṣé á dá wọn padà fún mi?”

“Kò ní dá wọn padà lónìí. Ṣùgbọ́n á dárí jì ẹ́.”

Àwọn èèyàn ń jẹ ọbẹ̀ ẹran aláta ní yàrá kejì. Tae-rim ń sunkún lórí ilẹ̀: “Olúwa, agbéraga ni mí. Mo fi ojú tẹ́ńbẹ́lú ẹni tó fẹ́ràn mi. Nítorí Jésù, gbà mí.” Ìmọ́lẹ̀ kankan kò tàn. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kẹta tó ṣú, ó ti padà sí bárékè, ó sì ku ọdún kan ó lé kó tó kúrò níbẹ̀.

Kò fẹnu kan ọtí mọ́. Ọlọ́run ti dárí jì í, ó mọ̀ ọ́n, kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ó bi èmi tí mò ń kọ ìtàn yìí, ará ìjọ Bong-su, lẹ́ẹ̀kan bóyá ìyá àgbà mọ Olúwa kó tó kú.

Ìwọ tí ìwé yìí bọ́ sí lọ́wọ́, kí ni ìwọ gbójú lé? Káàdì ìrìbọmi ni? Àbí pé alàgbà ìjọ ni bàbá rẹ? O ní wàá yí padà, bó bá dìgbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀. Tae-rim náà ní ìgbà lọ́kàn. Ọjọ́ tí òfin fún un kọjá láìjẹ́ pé ó mọ̀, ìyẹn ṣì ní àwíjàre. Ìṣẹ́jú kan tí ìyá àgbà fi jókòó lórí ẹní kọjá lójú rẹ̀ kòrókòró.

Jésù jókòó dè ọ́ lónìí. Mi ò mọ̀ nípa ọ̀la, ìwọ náà ò mọ̀. Ọ̀rẹ́ mi, má tíì wọ bàtà. Padà wọlé, kí o kúnlẹ̀.